Ìtọ́jú Kànga Ilé ní Àwọn Ìlú Olókè

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti kọjá lọ, tí oòrùn oṣù Fẹ́búárì sì ń mú gidigidi, omi inú kànga a máa fà sẹ́yìn lójoojúmọ́, títí korobá yóò fi máa gbé ẹrẹ̀ bọ̀ dípò omi. Ọ̀pọ̀ baálé ilé ni í ka èyí sí ìyà ọdọọdún, wọn a sì máa wo ojú ọ̀run fún òjò. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olúkúlùkù tí ó ní kànga kí ó mọ̀ pé àsìkò yìí gan-an ni ó dára jù lọ láti tọ́jú rẹ̀. Ohun tí omi ti bò mọ́lẹ̀ láti oṣù Épírì títí di oṣù Nòfẹ́ńbà ti hàn sí gbangba: ibi tí ògiri gbé lanu, ibi tí gbòǹgbò igi gbé wọlé, ẹrẹ̀ tí ó ti jókòó sí ìsàlẹ̀, àti korobá tí ó já bọ́ ní èṣín tí ẹnikẹ́ni kò rí yọ.

Àwọn tí a ń bá sọ̀rọ̀ jù lọ ni àwọn ará wa tí ń gbé ní ìlú àárín òkè àti àpáta, bí Ìdànrè, Ìkẹ́rẹ́, Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ẹ̀fọ̀n Alààyè. Ní ìgbà ogun, àpáta ni odi àwọn baba wọn. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè fún ọ̀pọ̀ ìran, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1920 àti lẹ́yìn náà wá tẹ̀dó sí ẹsẹ̀ òkè. Lónìí, ẹni tí ó bá kọ́ ilé ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ a máa gbẹ́ kànga sí àgbàlá rẹ̀, nítorí omi ẹ̀rọ ìjọba kò tó gbogbo ilé. Láti ọjọ́ tí ó bá ti gbẹ́ ẹ ni ó ti di alákòóso omi fún ìdílé rẹ̀ àti fún àwọn aládùúgbò, bí òun tìkára rẹ̀ kò tilẹ̀ rò ó bẹ́ẹ̀. Kò sí wolé-wolé tí yóò máa wá yẹ omi náà wò fún un lóṣooṣù. Bí omi náà bá dára, òun ni. Bí ó bá sì pani lára, òun náà ni.

Kí a tó sọ bí a ti í tọ́jú kànga, ó yẹ kí a mọ ibi tí omi rẹ̀ ti ń wá. Àwọn kan rò pé odò ńlá kan ni ó ń ṣàn lábẹ́ òkè, àti pé ẹni tí ó gbẹ́ kànga kàn lu ú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpáta irú ti Ìdànrè, tàbí ti Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, kò ní ihò tí omi lè gbà wọ inú rẹ̀, àfi ibi tí ó bá ti sán. Òjò tí ó rọ̀ sí orí rẹ̀ a ṣàn wálẹ̀ kíákíá, a sì wọ inú ilẹ̀ tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè. Ilẹ̀ náà gan-an, àpáta tí ó ti jẹrà láti ayébáyé ni. Ẹni tí ń gbẹ́ kànga yóò kọ́kọ́ bá ilẹ̀ pupa àti yangí pàdé, lẹ́yìn èyí amọ̀, lẹ́yìn èyí ilẹ̀ oníyanrìn tí òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, tí ó sì ń dán yinrin bí a bá gbé e sí oòrùn. Inú èyí ni omi gbé wà. Abẹ́ rẹ̀ ni àpáta líle, níbi tí dígà yóò ti máa dún gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn, tí agbẹ́kànga yóò sì sọ pé iṣẹ́ òun parí.

Nítorí náà, àpò omi àwa ará òkè kò nípọn, kò sì jìnnà sí ojú ilẹ̀. Omi tí a ń mu ní oṣù Máàṣì ni òjò tí ó rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó wà lókè wa ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, ó sì ti gba àárín ohunkóhun tí a jù sórí ilẹ̀ náà kọjá. Ọ̀nà rẹ̀ kò gùn tó èyí tí ilẹ̀ lè fi sẹ́ ẹ dáadáa. Ohun gbogbo tí a óò sọ lẹ́yìn èyí dúró lórí ọ̀rọ̀ kan yìí.

Ẹni tí ń gbé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé, kí ni ó wà lókè kànga mi? Òfin tí àwọn onímọ̀ ìlera fi lélẹ̀ ni pé kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30, èyí tí í ṣe nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ tó mítà kan àbọ̀, ó kéré jù. Lórí òkè, ìwọ̀n yìí nìkan kò tó. Omi abẹ́ ilẹ̀ a máa tẹ̀ lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gẹ́gẹ́ bí àgbàrá ti ń tẹ̀ lé e. Ṣáláńgá tí ó wà ní ìsàlẹ̀ kànga ní ẹsẹ̀ bàtà 100 kò léwu tó èyí tí ó wà lókè rẹ̀ ní 150. Bí ibi tí àpáta gbé sán bá sì wà láàárín méjèèjì, ẹ̀gbin lè gba ibẹ̀ kọjá ní ọjọ́ díẹ̀, láìsí ilẹ̀ kankan tí yóò sẹ́ ẹ.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí le ni pé ẹni tí ó wà lókè ẹni kì í ṣe ọmọ ilé ẹni. Ó lè jẹ́ àgbà. Ó lè jẹ́ ẹni tí ó ta ilẹ̀ fún ni pàápàá. A kò lè dédé lọ wí fún un pé ilé ìgbẹ́ rẹ̀ ń ba omi wa jẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà má sì di ìjà. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a tètè lọ. Nígbà tí a bá rí i tí ó ń kó búlọ́ọ̀kù jọ, kí a lọ kí i: “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá, ẹ kú ìnáwó. Mo ní kí n wá fi ibi tí kànga wa wà hàn yín, kí ẹ lè bá wa wo ibi tí kòtò yóò bọ́ sí.” Ọ̀rọ̀ yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ nígbà tí a kò tíì gbẹ́ kòtò. Nígbà tí a bá ti gbẹ́ ẹ tán, tí a ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó di ẹjọ́ ààfin.

Àwọn ènìyàn kan yóò wí pé omi kànga tiwọn mọ́ gaara, ó sì dùn lẹ́nu, nítorí náà kò lè ní àrùn nínú. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1854, nítorí ọ̀rọ̀ kànga ni. Ní òpópó kan tí à ń pè ní Broad Street, kànga kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn omi rẹ̀. Opó kan tí ó ti kó kúrò níbẹ̀ lọ sí Hampstead fẹ́ràn adùn omi náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń ránṣẹ́ bù ú wá sí ilé rẹ̀. Ní òpin oṣù Ọ̀gọ́ọ̀sì, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò kànga náà. Ó ju 600 ènìyàn lọ tí ó kú. Opó náà sì kú ní Hampstead, tí ó jìnnà sí ibi tí àrùn náà gbé ń jà. Dókítà John Snow ni ó ń wádìí láti ilé dé ilé títí ó fi rí i pé àwọn tí ń mu omi kànga náà ni àrùn ń pa, a sì yọ ọwọ́ ẹ̀rọ ìfàmi rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Nígbà tí a wá tú ilẹ̀ wò, a rí kòtò ẹ̀gbin ilé kan tí kò jìnnà sí kànga náà tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Bíríkì kòtò ti jẹrà, bíríkì kànga náà ti jẹrà. Ìyá kan nínú ilé náà sì ti da omi tí ó fi fọ aṣọ ọmọ rẹ̀ tí ń ṣàìsàn sínú kòtò yẹn.

Àrùn kan náà wọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní òpin ọdún 1970, kò sì tíì fi wá sílẹ̀ pátápátá títí di òní. Ṣùgbọ́n a ní ìròyìn ayọ̀ kan pẹ̀lú. Àwọn àgbà kò gbàgbé sòbìyà, tí í dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ ní àkókò iṣẹ́ oko gan-an. Nínú ìwádìí tí a ṣe ká gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1987 sí 1988, a rí ẹni tí ó ju 650,000 lọ tí ó ní in. Ní oṣù Dísẹ́ńbà ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé kò sí i mọ́ ní ilẹ̀ wa. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó lé e lọ, nítorí kò sí irú rẹ̀. Aṣọ ni a fi ń sẹ́ omi mu, a dá àwọn tí ó ní egbò sòbìyà lẹ́kun pé kí wọ́n má ṣe ki ẹsẹ̀ bọ omi mímu, a sì pèsè kànga tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ̀kalẹ̀ wọ̀ láti pọn omi. Nínú èyí ni a ti rí agbára tí ń bẹ nínú ẹnu kànga tí a ṣe dáadáa.

Ẹnu kànga ni a sì fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí bí owó onílé kò bá tó nǹkan, ẹnu ni kí ó ná an sí ṣáájú ohun gbogbo. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó gbé táyà ọkọ̀ akẹ́rù tàbí àgbá epo tí a ti lu ìdí rẹ̀ sórí kànga. Táyà sàn ju òfo lọ, nítorí kò ní jẹ́ kí ọmọdé kan ṣubú sínú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n àgbàrá ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí ń lọ sílé àna rẹ̀. Àgbá a máa dípẹtà, etí rẹ̀ a sì máa gé okùn. Ohun tí ó tọ́ ni bèbè tí a fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì mọ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 ní gíga, kí a sì tẹ́ kọnkéré yí i ká tó ẹsẹ̀ bàtà 4 ní fífẹ̀, kí ó dagun síta, kì í ṣe síhà kànga. Kí a la gọ́tà kékeré láti ibẹ̀ tí yóò gbé omi tí ó dànù lọ tó ẹsẹ̀ bàtà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀. Ní òkè kànga, kí a la yàrà tí yóò yí àgbàrá òkè kúrò lọ́nà. Yàrà yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni àwa ará òkè ni a nílò rẹ̀ jù lọ.

Lẹ́yìn náà, ìdérí. Pákó tí a fi páànù bò dára tó, bí ó bá bo ẹnu kànga tán, tí ó sì ní àgádágodo. Òfin Mósè nínú Ìwé Ẹ́kísódù kò gbójú fo ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tí ó bá gbẹ́ kòtò tí kò sì bò ó, bí màlúù aládùúgbò bá já sínú rẹ̀, òun ni yóò san án. Àwa ń ro ti ọmọdé ju ti màlúù lọ. Ìdérí kan náà kò ní jẹ́ kí aláǹgbá kú sínú omi, kò ní jẹ́ kí ewé rà nínú rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀fọn yé sínú rẹ̀.

Kànga kan, korobá kan, okùn kan. Kí korobá náà máa so kọ́ sórí òpó nígbà gbogbo, kí ó má ṣe fara kan ilẹ̀. Kì í ṣe ahun ni ẹni tí ó kọ̀ fún aládùúgbò láti ju korobá tirẹ̀ sínú kànga òun. Korobá yẹn ni a fi wẹ ọmọ lánàá, tàbí tí a fi bu oúnjẹ fún ẹlẹ́dẹ̀. Jẹ́ kí aládùúgbò fi korobá kànga fa omi rẹ̀, kí ó sì dà á sínú ohun èlò tí ó gbé wá. Omi kò lọ́tàá, a kì í fi í du ni. Ọ̀nà tí a ń gbà fà á nìkan ni à ń bá wí. Kí a má sì ṣe fọ aṣọ lórí kọnkéré ẹnu kànga.

Ní ti ògiri, ẹsẹ̀ bàtà 10 àkọ́kọ́ láti òkè ni kí a fi ṣọ́ra jù. Kí ríńgì tí a dà tàbí bíríkì tí a tò síbẹ̀ má ṣe ní àlàfo kankan, kí a sì fi amọ̀ kún ẹ̀yìn rẹ̀ kí a gún un mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kí omi òjò má baà rí ọ̀nà gbà. Nísàlẹ̀, níbi tí omi ti ń sun, àlàfo kò burú. Ibẹ̀ ni omi gbọ́dọ̀ gbà wọlé. A rí ilé tí a gbin máńgòrò tàbí ọ̀pọ̀tọ́ sí ẹ̀bá kànga nítorí ibòji. Ibòji náà dùn, ṣùgbọ́n gbòǹgbò yóò wá omi lọ, yóò sì la ríńgì bí ẹni la obì.

Nísinsin yìí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo jù, èyíinì ni gbígbá kànga. Irú ìròyìn kan wà tí a ń gbọ́ nígbà gbogbo: ọkùnrin kan wọ kànga láti kó ẹrẹ̀, kò sì jáde. Arákùnrin rẹ̀ wọ̀ ọ́ láti gbé e, òun náà kò jáde. Ẹnì kẹta wọ̀ ọ́. Nígbà náà ni àwọn ènìyàn yóò máa wí pé ẹbọ ni kànga náà ń béèrè. Kànga kò béèrè ẹbọ. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni ó bàjẹ́. Ewé tí ń rà àti ilẹ̀ pàápàá a máa mú afẹ́fẹ́ kan jáde tí ó wúwo ju èyí tí à ń mí lọ. A sì jókòó sí ìsàlẹ̀ kànga tí a bò pa bí omi ti í jókòó sínú ìkòkò, a lé afẹ́fẹ́ rere kúrò níbẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹni tí ó bá mí in lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta lè dákú kí ó tó ké.

Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni ti ẹ̀rọ ìfàmi tí ń lo epo bẹntiróòlù. Àwọn kan a máa sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ sínú kànga nítorí pé omi jìnnà sí i. Èéfín rẹ̀ ní májèlé nínú tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pani kíákíá. Kí ẹ̀rọ náà dúró sí òkè, kí ó jìnnà sí ẹnu kànga, kí afẹ́fẹ́ máa gbé èéfín rẹ̀ lọ síhà kejì. Ọpọ́n ìfàmi nìkan ni kí ó wọlé. Bí ẹ̀rọ bá gbẹ́sẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú kànga rí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ibẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Kí a ṣí kànga sílẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ní òwúrọ̀, kí a so ẹ̀ka igi eléwé púpọ̀ mọ́ okùn, kí a máa jù ú sílẹ̀ kí a sì máa fà á sókè léraléra, kí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ lè dàpọ̀ mọ́ ti òkè. Ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé sàn ju èyí lọ, bí a bá rí i. Lẹ́yìn náà, bí kò bá sí òórùn epo níbẹ̀, kí a tan fìtílà, kí a gbé e sínú korobá, kí a sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé ojú omi, kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí iná náà bá rẹ̀wẹ̀sì tàbí tí ó kú, kò sí ẹni tí yóò wọ kànga. Bí ó bá ń jó, ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí pípé, nítorí iná kò mọ májèlé èéfín ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń wọn afẹ́fẹ́, ẹni tí ń fi gbígbá kànga ṣe iṣẹ́ oòjọ́ kò yẹ kí ó wà láìní in.

Ẹni tí ó bá wọlé, kí okùn wà ní àyà rẹ̀ lábẹ́ apá, kì í ṣe ní ọwọ́ rẹ̀, kí ènìyàn méjì tí ó ní agbára sì dúró ti okùn náà lókè láìlọ síbìkan. Kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀. Bí kò bá dáhùn, kí wọ́n fà á. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ̀ ọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ agbẹ́kànga a máa rẹ́rìn-ín sí èyí. “Ẹ má ṣe ìyọnu, bàbá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wọ̀ ọ́.” Kí bàbá náà dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, mo gbọ́. Bí o kò bá so okùn, o kò ní wọ kànga tèmi.” Bí ó bá bínú lọ, kí ó máa lọ ní àlàáfíà, ó ṣì ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń lọ.

Iṣẹ́ tí yóò ṣe nísàlẹ̀ kò pọ̀. Kí a ti fa omi rẹ̀ kúrò tó bí a ti lè ṣe é; kí ó kó ẹrẹ̀ àti pàǹtírí jáde, kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì líle ha ògiri, kí a sì da òkúta wẹ́wẹ́ tí a ti fọ̀ mọ́ sí ìdí rẹ̀ tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ní jíjìn, kí korobá má baà máa ru ẹrẹ̀ sókè.

Nígbà tí omi bá tún sun, kí a pa kòkòrò àrùn inú rẹ̀. Bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun ni ó rọrùn láti rí, èyí tí kò ní lọ́fíńdà nínú. Kànga tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 láti ògiri dé ògiri a máa gba nǹkan bí 200 lítà omi nínú ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, kí a so òkúta mọ́ okùn, kí a wọn jíjìn omi. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5, 1,000 lítà ni. Lítà bílíìṣì kan tó o. Kànga tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4 a gba omi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí, kí a sì fi bílíìṣì kún un bẹ́ẹ̀. Kí a pò ó mọ́ omi nínú korobá, kí a dà á yí ògiri ká, kí a fi korobá ru omi kànga, kí a sì dé e títí di ọjọ́ kejì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu ún, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wọ inú kànga. Ní ọjọ́ kejì, kí a máa fa omi náà dànù sí ibi tí kò ní pa ohun ọ̀gbìn, títí òórùn bílíìṣì yóò fi kúrò. Kí a má ṣe da ohun ìfọlé mìíràn pọ̀ mọ́ bílíìṣì, nítorí àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ lè di afẹ́fẹ́ olóró.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbẹ́kẹ̀lé álọ́ọ̀mù. Álọ́ọ̀mù a máa mú kí ẹrẹ̀ rì sísàlẹ̀, omi a sì mọ́ lójú; ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò ibà taífọ́ọ̀dù. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó se omi mímu rẹ̀ títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan àwọn àgbẹ̀ kòkó, àwọn ará Ìdànrè pàápàá. Oògùn tí a ń fín sí kòkó, yálà èyí tí ó wà fún kòkòrò tàbí èyí tí ó wà fún àrùn tí í sọ èso rẹ̀ di dúdú, kì í kúrò nínú omi nítorí pé a sè é, bẹ́ẹ̀ ni bílíìṣì kò ràn án. Gammalin, tí àwọn baba wa fín fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó ní lindane nínú, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé fohùn ṣọ̀kan ní ọdún 2009 láti mú kúrò nínú oko pátápátá. Nítorí náà, kí a má ṣe fọ ẹ̀rọ ìfínkòkó sí ẹ̀bá kànga; inú oko ni kí a ti ṣan án, kí omi ṣíṣàn náà sì dà sórí ilẹ̀ oko, kì í ṣe sínú odò. Àgbá oògùn tí ó ti tán kò gbọdọ̀ di korobá láéláé, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.

Bí kànga bá gbẹ pátápátá ní oṣù Máàṣì, ìgbà yẹn ni kí a jìn ín sí i, kì í ṣe nígbà tí òjò bá ti dé. Kànga tí a gbẹ́ ní oṣù Júláì, tí omi sì yọ ní kíá, ẹ̀tàn ni. Omi òkè ni ó bá pàdé. Bí àpáta líle bá ti dá iṣẹ́ dúró, kí onílé má ṣe fi owó ṣòfò lórí ọkọ́: kànga ẹ̀rọ nìkan ni ó lè lu àpáta kí ó wá ibi tí ó gbé sán, a sì lè wá a jìnnà tó mítà 60 kí a tó rí i, tàbí kí a má rí i rárá. Ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dá owó jọ gbẹ́ ẹyọ kan, bí wọ́n bá ti fohùn ṣọ̀kan ṣáájú lórí ẹni tí yóò máa san owó àtúnṣe rẹ̀.

Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá rọ̀ ní oṣù Épírì, kí baálé ilé fa korobá omi kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ó sì gbé e sí ojú fèrèsé. Omi tí ó gba inú ilẹ̀ wá kì í pa àwọ̀ dà ní òru ọjọ́ kan. Bí ó bá ti pupa, àgbàrá ti rí ihò gbà láti òkè. Kí ilé máa se omi wọn mu láti ọjọ́ náà lọ. Kí ó fi tọ́ọ̀ṣì tan ògiri kànga wò láti ẹnu dé ẹsẹ̀ bàtà 10. Ibi tí ó bá rí ilà pupa tí ń ṣàn wálẹ̀, kí ó fi ẹfun sàmì sórí bèbè lókè ibẹ̀ gan-an, kí ó sì pe bíríkìlà kí òjò kejì tó dé.